Amí: Láti Ẹnubodè Àró Dé Inú Fóònù

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun Dahomey já sí ẹnubodè Àró ní Abẹ́òkúta, lọ́sàn-án gangan. Gẹ̀zò ọba wọn ló kó wọn wá, tọkùnrin tobìnrin. Ìdájí ni Dahomey sábà máa ń kọlu ìlú, kí àwọn onílé tó jí. Kí ló wá dé tí wọ́n fi wá lọ́sàn-án, tí wọ́n sì gba apá ẹnubodè yẹn wá? Àwọn ará Iṣàgà ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìlú kan lápá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta ni Iṣàgà. Nígbà tí agbo ogun Dahomey dé ọ̀dọ̀ wọn, agbára wọn kò ká a, wọ́n túúbá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀nà hàn. Wọ́n ní apá Àró ni odi ìlú kò ti lágbára. Bẹ́ẹ̀ apá ibẹ̀ gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ, ìránṣẹ́ Iṣàgà sì ti yọ́ lọ sọ fún wọn pé ogun ń bọ̀. Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, náà ti kìlọ̀ fún wọn ṣáájú, torí ó dé Abomey, olú-ìlú Dahomey, lọ́dún 1850, ó sì gbọ́ ohun tí Gẹ̀zò ń gbèrò. Àwọn Ẹ̀gbá ti wà ní sẹpẹ́ lórí odi kí ogun tó yọ. Dahomey fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sá padà.

Gẹ̀zò kú lọ́dún 1858 láìgbẹ̀san. Glele ọmọ rẹ̀ ló gbà á: lọ́dún 1862 ó run Iṣàgà, ó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì kó àwọn tó kù lẹ́rú.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé gbogbo ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ amí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó yọ́ lọ sọ ohun tó rí wà níbẹ̀. Ẹni tó fi irọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀tá wà níbẹ̀. Àlejò tí ọba gbà sílé, tó lọ sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ fún ẹlòmíràn, òun náà wà níbẹ̀. Lójú Ẹ̀gbá, olùgbàlà ni àwọn ará Iṣàgà. Lójú Dahomey, ọ̀dàlẹ̀ tó yẹ kí ìlú wọn parẹ́ ni wọ́n. Nínú gbogbo àwọn tó ń wo ohun tí wọn ò ní kí wọ́n wò, ta ni amí, ta ni kì í ṣe amí, ta ló sì ń ṣe amí níbi tí kò yẹ kó ti ṣe é? Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Àwọn orílẹ̀-èdè jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Hague lọ́dún 1907, nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin ogun. Abala 29 sọ pé kí a tó lè pe ènìyàn ní amí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé níkọ̀kọ̀ tàbí pẹ̀lú ẹ̀tàn ló ń wá ìròyìn níbi tí ogun ti ń jà, kó sì ní in lọ́kàn láti kó o fún ọ̀tá. Ọmọ ogun tó wọ aṣọ ológun rẹ̀, tó wọ agbègbè ọ̀tá lọ wo bí wọ́n ṣe tò, kì í ṣe amí. Aṣọ ni ìyàtọ̀. Abala 30 ní bí ọwọ́ bá tiẹ̀ ba amí lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Abala 31 ló máa ń yà mí lẹ́nu jù: bí amí bá ti padà dé àárín àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, tí ọ̀tá wá mú un lọ́jọ́ mìíràn, ẹlẹ́wọ̀n ogun bíi ti gbogbo ènìyàn ni, wọn ò gbọ́dọ̀ bi í léèrè amí tó ṣe tẹ́lẹ̀. Òfin ogun kò ka amí sí ọ̀daràn tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí. Ewu iṣẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn á jìyà, ẹni tó bá yè é bọ́ ti yè é bọ́.

Dahomey tí Iṣàgà tàn jẹ yìí kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ amí. Láti ayé Agaja, tó jọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni wọ́n ti ní àwọn kan tí wọ́n ń pè ní agbadjigbeto. Àwọn wọ̀nyí á di ẹrù ọjà, wọ́n á wọ ìlú tí ọba ní lọ́kàn láti gbógun tì bí oníṣòwò, wọ́n á mọ ọ̀nà tó wọ ìlú àti bí agbára ibẹ̀ ṣe tó. Bí wọ́n bá padà délé, wọ́n tún ní iṣẹ́ kejì: wọ́n á máa tan ọ̀rọ̀ ká nípa ohun tí ìlú náà ṣe tí ogun fi tọ́ sí i. Ìtàn àwọn ará Dahomey tún sọ pé nígbà tí Agaja fẹ́ gba Ouidah lọ́dún 1727, Na Geze ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ ìyàwó ọba Ouidah, ló da omi sí ẹ̀tù ìbọn ọkọ rẹ̀ kí ogun bàbá rẹ̀ tó wọlé. Akọni ni wọ́n kà á sí ní Abomey. Èmi máa ń ro ti ọkọ náà. Ẹni tó sùn tì í ló mọ ibi tó kó ẹ̀tù sí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá náà amí wà, torí kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè kógun lọ síbi tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ètò ìjọba àwọn baba wa tó yẹ ká fara balẹ̀ wò. Aláàfin ní àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ojú àti etí rẹ̀ láwọn ìlú tó ń sìn ín. Kò fi wọ́n pamọ́. Wọ́n á fá apá kan orí wọn kodoro, wọ́n á sì fi irun sílẹ̀ lápá kejì, débi pé bí ìlàrí bá ṣe ń yọ lókèèrè, ọmọdé pàápàá á mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó rán an. Ìbàdàn náà fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àárín ìlú ni ajẹ́lẹ̀ ń gbé, gbogbo ìlú mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tó bá rí lónìí, Ìbàdàn á gbọ́ ọ lọ́la. N kò sọ pé wọ́n hùwà rere. Ìnilára àwọn ìlàrí ló mú kí Lísàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ, tí wọ́n sì pa àwọn ìlàrí náà. Ti àwọn ajẹ́lẹ̀ ló mú Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí yọ idà lọ́dún 1878, tó wá di ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mú kó ṣeé ṣe fún Lísàbí: ó mọ̀ wọ́n. Ojú ọba tí aráàlú bá rí, aráàlú lè kọ̀ ọ́. Èyí tí wọn ò bá rí ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ amí wà, kì í ṣe nínú wíwò fúnra rẹ̀.

A máa ń da àwọn tó ń wò pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru kì í ṣe amí. Ó ń fọn fèrè kí gbogbo wa lè mọ̀ pé òun wà níta. Olófòófó kì í ṣe amí. Kò sẹ́ni tó rán an, ẹnu ló ń yún un. Afinihàn burú jù wọ́n lọ, torí ara ilé ni, ẹni tó ń bá ni tọwọ́ bọ àwo. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fimú fínlẹ̀ lẹ́yìn ẹni tí wọ́n fura sí, ó sì yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí síwájú adájọ́, níbi tí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ ti lè sọ tẹnu rẹ̀. Akọ̀ròyìn náà ń tú ohun tí wọ́n fi pamọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń tú u fún, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi burú nígbà tí ìjọba bá mú akọ̀ròyìn, tí wọ́n pè é ní amí. Rọ́ṣíà ṣe é fún Evan Gershkovich, akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà, lóṣù Kẹta ọdún 2023. Wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 16, kó tó di pé wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2024.

Ẹni tí a ń kó ìròyìn fún tún ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ pé Mósè rán amí méjìlá sí ilẹ̀ Kénáánì, wọ́n lo ogójì ọjọ́, wọ́n padà wá, iwájú gbogbo ìjọ ni wọ́n sì ti sọ ohun tí wọ́n rí. Mẹ́wàá nínú wọn fi ìbẹ̀rù sọ̀rọ̀. Ìjọ sunkún mọ́jú, ogójì ọdún nínú aginjù ló sì tẹ̀ lé e. Jóṣúà wà lára àwọn méjìlá náà. Nígbà tí òun náà di olórí, tí Jẹ́ríkò wà níwájú rẹ̀, ènìyàn méjì péré ló rán, níkọ̀kọ̀. Ráhábù, obìnrin kan níbẹ̀, gbé wọn pa mọ́ sórí òrùlé, wọ́n sì padà wá, Jóṣúà nìkan ni wọ́n jíṣẹ́ fún. Ohun tí Jóṣúà rí lẹ́ẹ̀kíní ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Irọ́ náà jẹ́ ohun èlò amí, nígbà mìíràn ó sì ju òtítọ́ lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Juan Pujol, ọmọ ilẹ̀ Spain, kórìíra Hitler. Ó lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ ṣe amí fún wọn, wọn ò dá a lóhùn. Ó bá lọ bá àwọn ará Jámánì, ó ní tiwọn lòun ń ṣe, àwọn ìyẹn gbà á, wọ́n ní kó kọjá sí London. Kò lọ. Lisbon ló jókòó sí, tó ń fi ìwé atọ́nà àwọn arìnrìn-àjò kọ lẹ́tà bí ẹni pé òun wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé àwọn kan wà ní Glasgow tí wọ́n á ṣe ohunkóhun fún ẹni tó bá fún wọn ní lítà wáìnì kan. Ẹni tó bá dé Glasgow ayé ìgbà náà rí á mọ̀ pé kì í ṣe wáìnì ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń mu. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Jámánì kò fura. Lọ́dún 1942 àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá mú un wọlé, wọ́n sọ ọ́ ní Garbo. Ó fi ẹnu dá amí 27 sílẹ̀, tí kò sí ìkankan wọn láyé, Jámánì sì ń sanwó fún gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó ń bá Jámánì jà gúnlẹ̀ sí Normandy nílẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, Garbo ránṣẹ́ sí Jámánì pé ẹ̀tàn lásán nìyẹn, pé apá Calais ni ogun gidi á gbà. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n dá ọ̀pọ̀ ọmọ ogun dúró sí Calais. Lọ́dún yẹn náà Jámánì fi oyè akọni dá a lọ́lá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí Iṣàgà ṣe ní Àró ni Pujol ṣe ní Normandy. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé kò sí Glele kan tó padà wá gbẹ̀san lára Pujol.

Irọ́ tí kò sẹ́ni tó pète rẹ̀ tún wà. Lẹ́yìn tí Iṣàgà fọ́ lọ́dún 1862, oníṣòwò ará Netherlands kan ti Abomey dé, ó ní wọ́n ti kan olùkọ́ni ìjọ tí wọ́n mú ní Iṣàgà mọ́gi. Ìròyìn náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń ṣọ̀fọ̀ ajẹ́rìíkú. Ọkùnrin náà kò kú. Ó wà nígbèkùn, ó sì padà wálé nígbà tó yá. Ohun tí ojú rí lókèèrè, tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di òtítọ́ nínú ìwé ìjọba.

Àwọn tí iṣẹ́ yìí rọrùn fún jù ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrú aláwọ̀ dúdú kan wà ní Virginia tó ń jẹ́ James Armistead. Ó wọ àgọ́ Cornwallis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ogun lójú rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ ní kó lọ máa ṣe amí fún àwọn. Lafayette, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń bá Amẹ́ríkà jà, ló ń kó gbogbo rẹ̀ fún, títí di ogun Yorktown lọ́dún 1781. Síbẹ̀ ẹrú ló ṣì jẹ́ lẹ́yìn ogun. Ìwé tí Lafayette kọ láti jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́ tó fi gba òmìnira lọ́dún 1787, ó sì sọ ara rẹ̀ ní James Lafayette. Nínú gbogbo àwọn amí tí mo ti kà nípa wọn, òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù.

Ìjọba tó ń ṣe amí lórí aráàlú tirẹ̀ ló yẹ ká wá bá wí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun dá àjọ ààbò kan, NSO, sílẹ̀ lọ́dún yẹn kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ àwọn adìtẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ olùkọ́ yunifásítì àti akọ̀ròyìn. Lọ́dún 1986 Babangida, tó ń ṣèjọba nígbà náà, tú u ká sí mẹ́ta: SSS fún abẹ́lé, NIA fún òkèèrè, DIA fún ológun. Ọdún méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1984, wọ́n jí Umaru Dikko, mínísítà Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, gbé níwájú ilé rẹ̀ ní London, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí, pápákọ̀ òfuurufú Stansted ni àwọn aṣọ́bodè ti tú u sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan àti ará Ísírẹ́lì mẹ́ta ló ṣẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀, ìjọba Nàìjíríà àti ti Ísírẹ́lì sì ní àwọn ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyẹn ti kọjá amí; ìjínigbé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ kíyè sí bí ọ̀nà wọn ṣe sún mọ́ra tó: kí ẹnì kan tó lè gbé ọ, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí o ń jáde nílé.

Jámánì ìlà-oòrùn ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Lọ́dún 1950 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Stasi sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1989, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bíi 91,000, àwọn aráàlú tó ń ta á lólobó níkọ̀kọ̀ sì tó bíi 189,000, ní orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 16. Wọ́n ń fi ooru omi gbígbóná ṣí lẹ́tà aráàlú, wọ́n á kà á, wọ́n á tún lẹ̀ ẹ́ padà. Wọ́n ń gba òórùn ara ènìyàn sórí aṣọ pélébé, wọ́n á dé e mọ́ inú ìgò, kí ajá lè fi mọ ẹni náà bó bá di ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1990, èrò ya wọ olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Berlin. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fa ìwé ya. Ìwé yíya náà kún bíi 16,000 àpò. Èyí tí wọn ò ráyè ya, bí wọ́n bá tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pẹpẹ, gùn tó kìlómítà 111.

Òfin ọdún 1991 wá fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ka fáìlì tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 1992. Vera Lengsfeld, tó ti jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nígbà ìjọba yẹn, tó sì ti di aṣòfin, bá amí kan nínú fáìlì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Donald. Ọkọ rẹ̀ ni Donald. Gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ nílé ti di àkọsílẹ̀. Ó kọ ọkọ náà sílẹ̀. Nígbà tí mo rántí Na Geze, mo rí i pé ẹ̀tù ló tutù ní Ouidah. Ní Berlin, ibùsùn ni.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ló ń ṣe é. Ọkọ ń yẹ fóònù ìyàwó wò nígbà tó bá wà ní balùwẹ̀, ìyàwó ń yẹ ti ọkọ wò nígbà tó bá sùn, a sì ń fi í ṣe ẹ̀rín láàárín ara wa. Mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ́ fóònù ẹnìkejì ṣí ti gbà pé ọ̀tá ogun lòun bá gbé. Bí ohun kan bá wà láti béèrè, ẹnu ló yẹ kí wọ́n fi béèrè é, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè dáhùn. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé nínú Suuratul-Hujuraat, ẹsẹ 12, ìfura sí ẹnìkejì, ṣíṣe amí rẹ̀ àti sísọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni Ọlọ́run kọ̀ léèwọ̀ papọ̀. Ìfura ló máa ń ṣáájú, amí á tẹ̀ lé e, òfófó á gbẹ̀yìn.

Àwa tí a ń gbé ayé ìsinsìnyí, kò tilẹ̀ di dandan mọ́ kí ẹnì kan wọ yàrá wa kó tó ṣe amí wa. Lóṣù Kẹfà ọdún 2013, Edward Snowden, tó ti bá àjọ amí Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, tú u síta pé ìjọba Amẹ́ríkà ń kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù àwọn ọmọ ìlú tirẹ̀ jọ, àwọn tí kò sẹ́ni tó fura sí. Lọ́dún 2021 àwọn akọ̀ròyìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn bí Pegasus, ohun tí ilé-iṣẹ́ NSO Group ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì ń tà fún àwọn ìjọba, ṣe ń wọ fóònù láìjẹ́ pé onífóònù tẹ ohunkóhun. Bó bá ti wọlé, ó lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì lè tan kámẹ́rà àti makirofóònù. Àwọn tó ń tà á sọ pé ọ̀daràn àti adúnkookò-mọ́ni ni wọ́n ṣe é fún. Akọ̀ròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ wà lára àwọn tí wọ́n bá a nínú fóònù wọn.

Abala 37 òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí fóònù. Abala 45 ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: òfin lè dín ẹ̀tọ́ yẹn kù nítorí ààbò ìlú. Òfin ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 sì pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó pe ẹni, àti ìgbà tó pè é, fún ọdún 2. Láti òpin ọdún 2020 ni a ti ń so nọ́ńbà fóònù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Mo mọ̀ pé ìjínigbé wà, mo mọ̀ pé àwọn ẹbí tí wọ́n jí ènìyàn wọn gbé fẹ́ kí ìjọba lè tọpa ẹni tó ń pè wọ́n. Èmi náà á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni ohun tí wọ́n fún amí ogun pàápàá ní Hague: kí ẹjọ́ wà, kí adájọ́ wà. Mo tún fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣọ́ lè mọ̀ lọ́jọ́ kan pé wọ́n ṣọ́ òun.

Ọ̀nà kékeré kan wà láti bẹ̀rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Abala 11 gbà kí wọ́n fawọ́ èyí tó lè pa ètò ààbò orílẹ̀-èdè lára sẹ́yìn, àyàfi bí àǹfààní rẹ̀ fún ará ìlú bá ju ìpalára rẹ̀ lọ. Àjọ NSO ti ilẹ̀ wa ti kógbá sílé láti ọdún 1986. Kò sí ogun kankan tí ìwé rẹ̀ á tún ṣẹ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ láyé ìgbà náà, olùkọ́, akọ̀ròyìn, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ń di arúgbó. Kí ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú agbẹjọ́rò rẹ̀, kọ lẹ́tà béèrè fáìlì tirẹ̀. Ọjọ́ 7 ni òfin fún ọ́fíìsì náà láti dáhùn.